Obìnrin Tí Kò Sí Nínú Páálí

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Bàbá wọn, baálé mi,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ìdáwà. Mo kí yín, mo kí ẹ̀yìn yín tó máa ń dùn yín bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ́, mo kí ayùn, mo kí òòlù. Ṣé ẹ ń jẹun? Ẹ má sọ fún mi pé búrẹ́dì àti tíì loúnjẹ o, mo mọ̀ yín.

Mo rí lẹ́tà yín. Ìlà mẹ́rin ni, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ pákó. Ọpẹ́lọpẹ́ tẹ́lọ̀ ìtòsí wa tó ń sọ lórí fóònù pé ara yín le. Ẹ̀yin náà ì bá máa bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ọ̀hún bí kì í bá ṣe ẹ̀rọ ìlagi tó ti ba etí yín jẹ́. Kò burú. Mo lè ka lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì lè bínú sí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ wa tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nílùú òyìnbó níbí kí yín. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yìí kò jẹ́ kó ráyè ara rẹ̀. Bó bá ti iṣẹ́ òru wọlé láàárọ̀, orí àga ló máa ń sùn sí tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn. Èmi ni mò ń mú ọmọ-ọmọ wa obìnrin lọ sílé ìwé, èmi náà ni mò ń lọ mú un bọ̀. Ọ̀gágun ni mò ń pè é, torí pé láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ló ti ń pàṣẹ fún gbogbo ilé. Ó ti pé ọmọ ọdún méje báyìí, eyín iwájú rẹ̀ méjì sì ti yọ kúrò, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kó má pàṣẹ.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Eré kan wà tí àwọn ọmọ ibí ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Akọni mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń gba èèyàn lọ́wọ́ ewu: Olókùúta, Oníná, Oníyìnyín, àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Mànàmáná. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ wọ̀nyí o, tiwọn kò ṣeé pè lẹ́nu mi. Obìnrin yẹn ló lágbára jù láàárín wọn. Ó ń fò lófurufú, bó bá sì na ọwọ́ sókè, mànàmáná á kọ, gbogbo ọ̀tá á dúró gbagidi. Ọ̀gágun kò rí ẹlòmíràn wò mọ́ láyé.

Bí wọ́n bá jáde ìsinmi nílé ìwé, wọ́n máa ń ṣe eré yìí. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá mú ọmọláńgidi akọni kan wá láti ilé ló máa jẹ́ akọni náà. Àwọn ọmọkùnrin ní Olókùúta, wọ́n ní Oníná, wọ́n ní Oníyìnyín. Ọ̀gágun kò ní nǹkan kan. Ẹni tí kò bá sì ní nǹkan kan, òun ni wọ́n máa ń so mọ́ irin ọgbà kí àwọn akọni lè rí ẹni gbà sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi okùn so ọmọ yìí mọ́ irin. Wọn kì í so ó le, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn aago á ti lù kí wọ́n tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n tú u.

Mo ní kí ló le ńbẹ̀? Mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré. A bá páálí wọn lórí pẹpẹ, akọni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú àwòrán ara rẹ̀, obìnrin náà ló sì wà láàárín. A ka àwọn tó wà nínú páálí, mẹ́ta ni. Ọ̀gágun yẹ páálí kejì wò, ó yẹ ìkẹta wò, títí dé èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ọkùnrin mẹ́ta, ọkùnrin mẹ́ta. A wo ẹ̀wù, a wo fìlà, a wo ike omi. Kò sí i. A bọ́ sí ọ̀dọ̀ tí wọ́n kó ti àwọn ọmọbìnrin sí: ìkòkò kéékèèké, ìgbálẹ̀ kéékèèké, ọmọ-ọwọ́ rọ́bà tó ń sunkún bí wọ́n bá tẹ ikùn rẹ̀. Mo ní ṣé iṣẹ́ ilé ni wọ́n ń pè léré níbí ni?

Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ní wọn kì í ṣe púpọ̀ nínú ti obìnrin náà, torí pé àwọn ọmọbìnrin kì í sábà ra irú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bàtà ọmọdé ni mo tà títí mo fi darúgbó. Mo ní, bí mo bá pàtẹ bàtà ọmọkùnrin nìkan, ìyá ọlọ́mọbìnrin wo ló máa yà lọ́dọ̀ mi? Ṣé màá wá torí ìyẹn sọ pé àwọn ọmọbìnrin kì í wọ bàtà? Ọ̀gágun ló ń bá mi túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo àlàyé mi yìí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló fi sọ ọ́, ọmọbìnrin náà sì rẹ́rìn-ín ó ní a ṣeun. Mo fura pé ńṣe ni Ọ̀gágun bá mi kí i.

Mo mọ̀ pé ìparí oṣù kejì la jọ sọ pé màá dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díẹ̀ kún un fún mi, kí n rí ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí máa já sí.

Èmi ni, ìyàwó yín tí àárò yín ń sọ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní

Ìyá wọn,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Ara mi le. Mò ń jẹun. Búrẹ́dì náà, oúnjẹ ni.

O fi odindi ojú ìwé kọ ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń fò lófurufú. Mo kà á tán, mo tọ́jú rẹ̀ kí tẹ́lọ̀ má bàa rí i. Obìnrin tó ń fò, tó ń na ọwọ́ sí èèyàn, tí èèyàn ń dúró gbagidi. Nígbà tí èmi àti ìwọ wà lọ́mọdé, a kì í wá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ńṣe la máa ń sá fún un.

Ilẹ̀kùn tí mo gbé kọ́ fún oníbúrẹ́dì wọ́. Bí wọ́n bá ṣí i, á tún rọra padà fúnra rẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sínú ilé. Ti ilé ìfìwéránṣẹ́ náà wọ́. O mọ ohun tó fà á. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọ, ìwọ lò ń dúró sí òdìkejì ọ̀nà bí mo bá ń gbé ilẹ̀kùn kọ́, ìwọ lò ń na ọwọ́ sókè bó bá ti tọ́, ìgbà náà ni mo tó ń kan ìṣó. Mo ní irin tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn tọ́, ṣùgbọ́n ilé tó ti darúgbó kì í gbọ́ ti irin, ojú èèyàn ló ń gbọ́. Mo ní kí tẹ́lọ̀ bá mi dúró síbẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè kí n tó gbé ilẹ̀kùn náà dúró rárá, mo sì kàn án. Ó ní ẹnì kan ló ń kọjá lọ tí òun ń kí.

Ra Olókùúta fún ọmọ náà. Kó mú Olókùúta lọ bá wọn ṣeré, kí wọ́n yéé so ó mọ́ irin. Ìwọ ní tìrẹ, ìparí oṣù kejì la sọ. Mo ti kun yàrá wa ní ọ̀dà tuntun. Mi ò ní kùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkọ rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì

Baálé mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo kí yín títí, mo tún kí ẹni tó kun yàrá. Àwọ̀ wo lẹ kùn ún? Ẹ má sọ pé èyí tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn oníbúrẹ́dì ni.

Mo ṣe bí ẹ ti wí. Olókùúta tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ ti tán, mo ra Oníná. Mo mọ̀ pé Ọ̀gágun kò ní fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ni mo bá jókòó, mo fi ìdajì gèlè àtijọ́ kan rán yẹ̀rì fún un, mo so ìyókù rẹ̀ bíi bẹ́líìtì, mo fi òwú dúdú ṣe irun gígùn lé e lórí. Ó rẹwà lójú mi. Mo gbé e fún Ọ̀gágun, ó wò ó títí, ó fọwọ́ gbé irun náà díẹ̀, ó ní, "Màmá Àgbà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n irùngbọ̀n wà ní àgbọ̀n rẹ̀." Ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò rò ó ni. Ó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí n bínú. Èyí tó ń ṣe bíi pé ó dùn mọ́ òun nítorí mi ló dùn mí jù.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń sọ pé inú ń run òun bó bá ti di àárọ̀. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àìsàn kankan. Lánàá, mò ń so okùn bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó bi mí pé, "Màmá Àgbà, àwọn tó ń di páálí yẹn, ṣé wọ́n gbàgbé rẹ̀ ni, àbí wọn ò fẹ́ràn rẹ̀?" Mo ní kó na ẹsẹ̀ kejì wá.

Bàbá wọn, ẹ ní igi, ẹ sì ní ọwọ́. Ẹ bá mi gbẹ́ obìnrin yìí fún ọmọ yín.

Èmi ni tiyín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹta

Ìyá wọn,

Káfíńtà ni mí, èmi kì í ṣe agbẹ́gilére. Ilẹ̀kùn, fèrèsé, àga, bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ohun tí mo ń ṣe ló ní igun. Èèyàn kò ní igun.

O ní oṣù mẹ́fà lo máa lò, ó di mẹ́jọ, oṣù kejì sì tún ti parí. Ọmọdé kì í ṣaláì ní ohun tó ń wá. Bí o bá rí ọmọláńgidi yìí tán, òmíràn á yọjú, ìwọ á tún fi díẹ̀ kún un. Mi ò bínú. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Yàrá náà ti gbẹ.

Ọkọ rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Baálé mi,

Mo kí yín. Ẹ ní ẹ ò bínú. Ẹni tí kò bínú kì í kọ irú lẹ́tà yẹn. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣé ẹ rò pé ó wù mí ni, kí n máa sùn sínú yàrá tí mo ti lè na apá kan ògiri méjèèjì? Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tó ṣófo? Tèmi náà ṣófo níbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe bó bá ṣe wù yín. Mo tètè dé ilé ìwé lọ́jọ́ ajé, wọn ò tíì parí ìsinmi wọn, mo wá dúró lẹ́yìn irin ọgbà. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ń bọ̀ pẹ̀lú okùn. Wọn ò tíì sọ nǹkan kan, Ọ̀gágun ti rìn lọ sídìí irin fúnra rẹ̀, ó ti na ọwọ́ méjèèjì sí wọn kí wọ́n so ó. Ọmọ tó ń pàṣẹ fún ìyá, fún bàbá, fún èmi ìyá àgbà rẹ̀. Kò sunkún. Ó na ọwọ́ náà bí ẹni tó ń na ọwọ́ fún ọṣẹ.

Ọmọ tó ti mọ́ lára débi tó fi ń na ọwọ́ fún okùn, mi ò lè fi sílẹ̀ báyìí kí n wá máa sùn nínú yàrá tuntun. Bí mo bá rí i pé ó gbérí padà, lọ́jọ́ náà ni màá di ẹrù mi. Ohun kan ṣoṣo tó mú mi dúró nìyẹn, kò sí òmíràn.

Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n bí ọkàn yín bá yí padà: bàtà rẹ̀ ga dé orúnkún. Bẹ́líìtì rẹ̀ fẹ̀. Aṣọ péńpé kan wà léjìká rẹ̀ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ sẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń nà sókè. Kí ó wọ inú àpò ilé ìwé.

Ìyàwó yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún

Bàbá wọn,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti kọ lẹ́tà méjì lẹ́yìn èyí tí mo fi bínú sí yín, mi ò rí èsì kankan. Bí ẹni tó ń pín lẹ́tà bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́.

Tẹ́lọ̀ ní ẹ ń ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ra yín láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ní òun ń gbọ́ kó, kó, kó nínú ilé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìró ilẹ̀kùn, òun mọ ìró ilẹ̀kùn. Ó ní bí òun bá kan ilẹ̀kùn, ńṣe lẹ máa ń ju ọwọ́ sí òun láti ojú fèrèsé pé kí òun máa lọ. Kí lẹ̀ ń ṣe? Ṣé ara yín yá? Ṣé èmi lẹ̀ ń bínú sí tó bẹ́ẹ̀? Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sórí ìwé kí n lè rí i. Ìbínú tí mi ò rí kò jẹ́ kí n lè sùn.

Ọ̀gágun ń gbọ́ bí mo ṣe ń ka lẹ́tà yín sí ìyá rẹ̀ létí, ó mọ gbogbo ẹjọ́ náà. Ó ní kí n kọ ọ́ fún yín pé òun kò fẹ́ Mànàmáná mọ́, kí Bàbá Àgbà ṣáà kọ lẹ́tà sí Màmá Àgbà. Ó ní kò dára kí èèyàn dákẹ́ sí ìyàwó rẹ̀. Ẹ ò rí i, ilé nìkan ló ṣì ń pàṣẹ fún. Bó bá dé ilé ìwé, á tún na ọwọ́.

Ẹ dákun, ẹ kọ̀wé.

Èmi ni.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ìyá wọn,

Lẹ́tà yìí wà lórí páálí. Rọra gbé e, ó wúwo.

Mi ò bínú mọ́. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń kọ irú ìyẹn láìní nǹkan tó máa fi ràn án. Ọwọ́ ọmọ náà tó nà fún okùn kò kúrò lójú mi. Mo ń fági, mò ń rí i. Mo jẹ búrẹ́dì, mo rí i. Ni mo bá ti ilẹ̀kùn.

Èyí àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́ là. Igi rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa, ìkánjú ni mo fi gé e. Ó là láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ìkejì ló wà nínú páálí yìí.

O ní òun ló lágbára jù láàárín wọn. Mo ronú sí ìyẹn. Igi fúfúyẹ́ kò lè jẹ́ ẹni tó lágbára jù, n ò lè fi irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọdé. Igi tí mo fi ń ṣe ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni mo lò. Mo sì ṣe é bí mo ṣe ń ṣe àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣe. Àga tí kò bá gba èèyàn kì í ṣe àga. Nígbà tó parí, mo yọ bàtà, mo fi gbogbo ara mi tẹ ejìká rẹ̀, kò mì. Mo pe tẹ́lọ̀ wọlé, mo ní kí ó gùn ún. O mọ bí tẹ́lọ̀ ṣe tóbi tó. Kò mì.

Ojú rẹ̀ ló dà mí láàmú. Mi ò rí Mànàmáná rí. Mo ṣe ojú kan, mo fá a dànù. Mo ṣe òmíràn, ó jọ tẹ́lọ̀. Mo fá ìyẹn dànù kíákíá. Lọ́jọ́ kan mo wá fi ọwọ́ sílẹ̀ kó máa lọ síbi tó mọ̀. Bí o bá rí i, má bínú sí mi. Ojú kan ṣoṣo ni mo ti ń wò láti ẹnu ilẹ̀kùn láti ìgbà tí mo ti di ọkùnrin.

Ọwọ́ rẹ̀ ò ṣòro. Ìyẹn, mo lè gbẹ́ ẹ nínú òkùnkùn.

Ọkọ rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà

Olówó orí mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọgbọ́n, ẹ kú ọwọ́. Kí ọwọ́ náà má ṣẹ́ láéláé.

Ìyá rẹ̀ ló gbé páálí náà wọlé, ó ní kí ni Bàbá kó ránṣẹ́, ṣé òkúta ni? Ọ̀gágun ló tú u. Ó tú ìwé tí ẹ fi wé e, kò fọwọ́ kàn án. Mo rò pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó gbé ojú sókè wò mí, ó wo igi náà, ó tún wò mí, ó ní, "Màmá Àgbà, ẹ̀yin nìyí. Ẹ wọ bàtà Mànàmáná." Mo ní irọ́ ni. Ó fi ìka kan èjí tó wà láàárín eyín igi náà, ó wá fi ìka kan náà kan eyín tèmi. Bàbá wọn, ẹ gbẹ́ èjí mi. Pẹ̀lú àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú mi, tí mo rò pé ẹ ò rí rí.

Ó bi mí ìdí tí mo fi na ọwọ́ sókè. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ mànàmáná. Mo sọ ti ilẹ̀kùn fún un: pé bí ọwọ́ yẹn bá ti lọ sókè, ohun tó wọ́ ti tọ́ nìyẹn, kí oníṣẹ́ kan ìṣó. Ó ronú sí i títí ó fi sùn.

Lọ́jọ́ kejì ó fi í sínú àpò, okùn àpò já kí a tó dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní kó wọ inú àpò ilé ìwé, mi ò mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé kí àpò náà lè gbé e. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dé ilé ìwé, kò jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́. Mi ò padà sílé. Mo dúró lẹ́yìn irin títí wọ́n fi jáde ìsinmi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti ń gbọ́ díẹ̀ nínú èdè wọn báyìí.

Àwọn ọmọkùnrin ti to tiwọn sórí ògiri kékeré kan. Ọ̀gágun gbé tirẹ̀ sáàárín wọn. Ọ̀kan ní, "Ìyẹn kì í ṣe Mànàmáná. Arúgbó ni." Mo fẹ́ dá a lóhùn láti ẹ̀yìn irin. Kí n tó lanu, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ńlá gbá ògiri náà, Olókùúta ṣubú, Oníná ṣubú, apá Oníyìnyín yọ. Tiwa dúró. Ọmọ tó ní Olókùúta wá, ó fẹ́ fi ọwọ́ kan gbé e, kò gbéra nílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjì gbé e, ó ní, "Ta nìyí?" Ọ̀gágun ní, "Màmá àgbà mi ni. Bó bá na ọwọ́ sókè, gbogbo ohun tó wọ́ gbọ́dọ̀ tọ́." Ni òun náà bá na ọwọ́ tirẹ̀ sókè. Ọwọ́ kan náà tó ń nà fún okùn. Gbogbo wọn dúró gbagidi, àní olùkọ́ wọn tó ń kọjá dúró.

Ọmọ tó ní Olókùúta ni wọ́n so mọ́ irin lọ́jọ́ náà. Òun ló ní kí wọ́n so òun, ó ní òun fẹ́ mọ bó ṣe ń rí. Kò pẹ́ tó fi ní ó tó, kí wọ́n tú òun.

Àwọn ọmọbìnrin ti ń wá fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà, àní èyí tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú wọn. Márùn-ún ló ti ní kí Ọ̀gágun bá àwọn bẹ̀ yín. Ọ̀kan ní ṣùgbọ́n ìyá àgbà tòun kò ní èjí, ó sì ń lo jígí ojú, ṣé Bàbá Àgbà lè ṣe ìyẹn? Mo ní màá béèrè. Ẹni tó sọ pé àwọn ọmọbìnrin kì í rà á, kó wá dúró lẹ́yìn irin.

Inú rẹ̀ kò run ún mọ́. Wọ́n ti gbé ìyá rẹ̀ sí iṣẹ́ ọ̀sán, wọ́n á jọ máa jáde láàárọ̀. Mo wá di ẹrù mi, mo tún tú u. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún un. Ìrọ̀lẹ́ àná ló bá mi nídìí àpótí ẹrù mi, aṣọ kan lọ́wọ́ mi. Ó gba aṣọ náà, ó ká a, ó fi í sínú rẹ̀. Ó ní, "Màmá Àgbà, ẹ máa lọ. Ilẹ̀kùn Bàbá Àgbà ti wọ́ púpọ̀." Mo ní ìwọ ńkọ́? Ó tọ́ka sí ojú fèrèsé níbi tó gbé igi náà sí. Ó ní, "Ẹ̀yin ṣì wà níbí." Mo lọ sí ilé ìdáná, mo sunkún mi níbẹ̀.

Ọmọ wa ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìparí oṣù keje ni. Ẹ má bi mí bóyá màá fi díẹ̀ kún un.

Ìyàwó yín, tó ní èjí.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje

Ìyá wọn,

Mo ti gé igi márùn-ún, mo kó wọn sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kí wọ́n gbẹ. Mi ò ní kánjú. Kí àwọn ọmọ náà fi àwòrán ìyá àgbà wọn ránṣẹ́. Mo lè gbẹ́ jígí ojú, igun wà lára rẹ̀.

Sọ fún Ọ̀gágun pé mo gbọ́ àṣẹ rẹ̀. Mi ò ní dákẹ́ sí ìyàwó mi mọ́.

Èyí àkọ́kọ́ tó là lójú wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi. Òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí. Mo ti bá a jà lẹ́ẹ̀mejì lórí búrẹ́dì. Kì í fèsì. Mo borí lẹ́ẹ̀mejèèjì, kò sì dùn mọ́ mi rárá.

Mo yọ ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ó ti gbó. Mo ti ṣe tuntun, mo ti fá a, mo ti kùn ún, mo kàn gbé e ti ibẹ̀ ni. Bí ọkọ̀ bá já ọ sílẹ̀, má tíì wọlé. Gbé ẹrù rẹ kalẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà, kí o dúró síbi tí o máa ń dúró sí. Màá gbé ilẹ̀kùn náà mú, ìṣó á wà lẹ́nu mi, torí náà mi ò ní lè kí ọ. Wò ó dáadáa. Bó bá tọ́, na ọwọ́ sókè.

Ọkọ rẹ.